Ṣíṣọ́, Títọ́jú àti Títọ́: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Olùtọ́jú Ọmọ tí Ń Gba Owó Gidi

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé, níbi tí igba ènìyàn náà kò bá sí mọ́, tí ó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo tí a ń sanwó fún ni ó dúró sí ipò wọn, irú ènìyàn wo ni ó yẹ kí ẹni náà jẹ́? Kí ni ó yẹ kí ó mọ̀? Èló ni ó yẹ kí á san fún un? Kí sì ni òun náà lè retí lọ́wọ́ àwọn tí ó gbà á síṣẹ́?

Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni mo fi ṣe ibùdó àlàyé mi, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti dàgbà. Ilẹ̀ Àwórì ni, ṣùgbọ́n lónìí, ará Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ọ̀yọ́, Ìgbò, Ègùn àti Ìbìbíò ni wọ́n jọ ń gbé àdúgbò kan náà. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà níbẹ̀, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀pọ̀ òbí tí ń gbé Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndo ni ó jẹ́ pé Ìkẹjà tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọn a kúrò nílé ní aago márùn-ún ìdájí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ sì lè lù kí wọ́n tó wọlé nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ìyá àgbà tí ìbá bá wọn wo ọmọ wà ní Iléṣà tàbí Ìjẹ̀bú. Aládùúgbò náà sì ti bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ méjìlá fún ìsinmi ìbímọ, mẹ́fà ṣáájú, mẹ́fà lẹ́yìn. Ní ọdún 2014, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ di oṣù mẹ́fà fún ìbímọ méjì àkọ́kọ́, ó sì fún bàbá ọmọ ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba ni èyí kàn. Ìyá tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ aládàáni lè ní láti fi ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Ta ni ó ń fi í sílẹ̀ fún?

Orúkọ tí a ń pe òṣìṣẹ́ yìí

Yorùbá gbà pé orúkọ a máa ro ọmọ. Lójú tèmi, orúkọ a máa ro iṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí á wo orúkọ mẹ́ta.

Èkíní ni ọmọ ọ̀dọ̀. Bí a bá tú u palẹ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ méjì ni a ó rí: ọmọ, àti ọ̀dọ̀ tí ó ń tọ́ka sí ibi tí ènìyàn wà. Ẹ wò ó dáadáa: orúkọ yìí kò sọ iṣẹ́ kankan. Ibi tí ẹni náà ń gbé ni ó sọ, ó sì fi kún un pé ọmọ ni. A kì í bá ọmọ dúnàá-dúrà owó oṣù. Oúnjẹ àti aṣọ ni à ń fún ọmọ. Nítorí náà, ẹni tí a bá ti pè ní ọmọ ọ̀dọ̀, a ti gé owó rẹ̀ kù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó tilẹ̀ pé ọgbọ̀n ọdún, ọmọ náà ni. Àwọn ọmọ ilé a máa pè é lórúkọ, wọn a sì máa sọ "ìwọ" sí i.

Èkejì ni alágbàtọ́. A ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí láti ara oní- àti àgbàtọ́. Àgbàtọ́ náà sì ti inú gbà àti tọ́ wá. Ẹni tí ó gba ọmọ ọlọ́mọ tí ó sì ń tọ́ ọ ni. Orúkọ yìí níyì, ó sì sọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ lọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni a sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó wá bá ọmọ nílé òbí rẹ̀ láti ṣiṣẹ́ gbowó.

Ẹ̀kẹta ni nánì, tí a yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òbí tí ọwọ́ wọn dẹ díẹ̀ ni ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń dún bí iṣẹ́ gidi létí, owó rẹ̀ a sì máa ga ju ti ọmọ ọ̀dọ̀ lọ, àní nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnìkan náà ni wọ́n kàn pààrọ̀ orúkọ rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, olùtọ́jú ọmọ ni n ó máa lò.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta, ìpele mẹ́ta

Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tí a máa ń fi rọ́pò ara wọn láìbìkítà: ṣọ́, tọ́jú àti tọ́. A lè ní kí ẹnìkan bá wa ṣọ́ ọmọ bí a ṣe lè ní kí ó bá wa ṣọ́ ẹrù ní gáréèjì. Ojú ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. A ń tọ́jú ọmọ bí a ti ń tọ́jú aláìsàn. Níhìn-ín, ojú nìkan kò tó, ó ń fẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í tọ́ ẹrù. Ọmọ ènìyàn ni à ń tọ́, kí ó lè mọ ohun tí ó tọ́.

Ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìmọ̀ tí ó ń béèrè, ó sì ní owó tí ó yẹ ẹ́. Èrò mi ni pé ọ̀pọ̀ ìjà tí ó máa ń wà láàrin òbí àti olùtọ́jú ọmọ kò ju èyí lọ: òbí san owó ṣíṣọ́, ó sì ń retí títọ́.

(i) Ṣíṣọ́

Ẹni tí yóò ṣọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ewu tí ó wà nínú ilé Èkó. Kẹrosíìnì tí a rọ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò jọ omi lójú ọmọdé. Omi inú korobá lè pa ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, bí kò tilẹ̀ jìn. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ẹ̀yìn fèrèsé lè pa gbogbo ilé lójú oorun, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹ̀pà tàbí owó ẹyọ lè há ọmọ lọ́fun. Olùtọ́jú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ńṣe ni a ń dojú ọmọ-ọwọ́ dé lórí itan, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀, kí á sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀marùn-ún láàrin èjìká méjèèjì.

Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ó lè ṣe onídùúró fún un, kí ara rẹ̀ sì le. Pàtàkì jù lọ, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbàlagbà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007, ka ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Òfin tí ó lòdì sí fífi ènìyàn ṣòwò, ti ọdún 2015, sọ pé ẹni tí ó bá gba ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 12 ṣe iṣẹ́ ilé lè ṣẹ̀wọ̀n láti oṣù mẹ́fà títí dé ọdún méje. Síbẹ̀, a kò ṣàì rí ọmọbìnrin kéékèèké tí wọ́n mú wá láti ilẹ̀ Benin, Tógò, Akwa Ibom tàbí Benue, tí wọ́n pọn ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì yẹ fún ìpele kìíní yìí pàápàá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ẹnìkan máa tọ́.

(ii) Títọ́jú

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmú ìyá nìkan ni kí ọmọ máa mu títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Omi pàápàá kò sí níbẹ̀. Bí ìyá bá fún wàrà ọmú sílẹ̀ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, olùtọ́jú gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń pa á mọ́ kí ó má bàjẹ́, àti bí a ti ń fi ife fún ọmọ mu. Àṣà rírọ ọmọ, níbi tí a ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ da àgbo tàbí ẹ̀kọ sí ọmọ lẹ́nu títí yóò fi gbé e mì, ti dín kù, ṣùgbọ́n kò tíì tán nílẹ̀ wa. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ohun tí a rọ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé ẹ̀yìn ni à ń tẹ́ ọmọ-ọwọ́ lé nígbà tí ó bá ń sùn, kì í ṣe àyà.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, kì í ṣe ewé tàbí oògùn tí aládùúgbò júwe ni yóò kọ́kọ́ sáré sí. Yóò po ìyẹ̀fun ORS pọ̀ mọ́ ìwọ̀n omi mímọ́ tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, yóò máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀, yóò sì rí i pé ọmọ lo oògùn zinc fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá bí elétò ìlera ti là á sílẹ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná, yóò rántí pé kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó lè sọ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ lè ka káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára: ti ọjọ́ ìbí, ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, ti oṣù kẹsàn-án àti ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò ti Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndo. Olùtọ́jú tí a ń san owó gidi fún gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Ó sì gbọ́dọ̀ lè kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóòjọ́ sílẹ̀: aago tí ọmọ jẹun, iye ìgbà tí ó yàgbẹ́, oògùn tí ó lò. Kò pọn dandan kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Yorùbá tí ó yéni yékéyéké sàn ju Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé ẹnikẹ́ni lọ.

(iii) Títọ́

Ìpele yìí ni ó kan àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá jù lọ. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń jáde ní aago márùn-ún tí wọ́n sì ń wọlé ní aago mẹ́sàn-án, ẹnu ta ni yóò ti gbọ́ ọ̀rọ̀? Ẹnu olùtọ́jú ni. Òun ni olùkọ́ èdè àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó fi ìyẹn kún owó rẹ̀.

Ìtàn àwọn Yorùbá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè là wá lójú. Láti àárín àwọn ọdún 1950 lọ, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà tí wọ́n ń kàwé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó, wọ́n sì ń sanwó fún wọn. Inú ìpolówó ìwé ìròyìn ni ọ̀pọ̀ ti rí alágbàtọ́. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí àwọn òbí Yorùbá bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967, wà lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé kan ní Tilbury. Nígbà tí wọ́n mú un wá sí Nàìjíríà ní kékeré, kò gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì tún dá a padà sí Tilbury. Ó fi ìtàn náà ṣe fíìmù tí ó pè ní Farming ní ọdún 2018. Ẹ̀kọ́ tí mo rí fà yọ ni pé owó oúnjẹ àti ti ibùsùn ni àwọn òbí ìgbà náà san; èdè, oríkì àti ìwà ọmọlúàbí kò sí nínú àdéhùn.

Irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá láìjẹ́ pé ọmọ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ òbí ń bi olùtọ́jú ni pé, ṣé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Ọmọbìnrin Ègùn tàbí Ìbìbíò tí kò gbọ́ ọ dáadáa yóò wá máa fi èyí tí ó gbọ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀ tipátipá. Ọmọ kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gidi, kò ní gbọ́ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gbọ́ èdè olùtọ́jú náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò gbẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n kí ọmọ tó dé ilé-ẹ̀kọ́, ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti lọ lọ́wọ́ olùtọ́jú.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí á ka Yorùbá tí ó dán mọ́rán kún ẹ̀rí ìmọ̀ tí à ń sanwó fún. Ẹni tí ó lè pàlọ́, tí ó lè ki ọmọ ní oríkì ìdílé rẹ̀, tí ó lè kọ́ ọ bí a ti ń kí àgbà láàárọ̀ àti lálẹ́, tí ó sì mọ bojúbojú àti ayò, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe. Bí olùtọ́jú kì í bá ṣe Yorùbá, kí ó máa fi èdè tirẹ̀ kọrin fún ọmọ, kí òbí sì máa fi Yorùbá bá ọmọ sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá wà nílé. Orí ọmọdé gba èdè méjì. Ẹ jẹ́ kí á fi kún un pé títọ́ kì í ṣe lílù. Ẹni tí ó ní pàṣán nìkan ni òun fi ń tọ́ ọmọ kò tíì kọ́ iṣẹ́ náà.

Bí wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́ àkọ́mọ̀ọ́ṣe ní ibòmíràn

Ẹnìkan lè ní, ṣé iṣẹ́ tí ènìyàn ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún ni èyí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 1892, obìnrin kan tí ń jẹ́ Emily Ward dá ilé-ẹ̀kọ́ Norland sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ. Èrò Friedrich Froebel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó gbà pé eré ni ọmọdé fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, ni ó tẹ̀ lé. Ìlú Bath ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà báyìí. Ọdún mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kí ó tó gboyè, yóò sì tún lo ọdún kan sí i lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó kà á sí olùtọ́jú Norland pátápátá. Wọ́n ń kọ́ nípa ìdàgbàsókè ọmọ, oúnjẹ, aṣọ rírán, ìtọ́jú pàjáwìrì, ọkọ̀ wíwà lójú ọ̀nà tí ń yọ̀, àti bí a ti ń gba ara ẹni àti ọmọ lọ́wọ́ oníjàgídíjàgan. Ní ọdún 2014, ẹni tí ó jáde níbẹ̀ ni Ọmọba William àti ìyàwó rẹ̀ Catherine gbà láti máa tọ́jú àkọ́bí wọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ ọba dẹ́rù bà wá. Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, èwo ni ìyá àgbà Yorùbá kò ní irú rẹ̀? Ó mọ eré ọmọdé, ó mọ oúnjẹ ọmọ, ó mọ ọ̀já í dì, ó sì mọ ẹkún ebi yàtọ̀ sí ẹkún oorun. Ìyàtọ̀ kan ni pé wọ́n kó ìmọ̀ tiwọn jọ, wọ́n yẹ ẹ́ wò, wọ́n yọ èyí tí ó lè pa ọmọ kúrò, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fún ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìwé ẹ̀rí. Tiwa ṣì wà lórí àwọn ìyá àgbà, wọ́n sì ń gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ owó

Yorùbá ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tí ó kéré jù di ₦70,000. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ₦85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń gba ti Èkó yìí ń ṣiṣẹ́ bíi wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Láti aago márùn-ún ìdájí dé aago mẹ́sàn-án alẹ́ jẹ́ wákàtí mẹ́rìndínlógún. Bí a bá fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n ọ́n, ₦170,000 ni owó ẹni tí ó kàn ń ṣọ́ ọmọ ní gbogbo àkókò náà, kí á tó ka ìmọ̀ kankan sí i. Ṣùgbọ́n òfin owó oṣù ti ọdún 2019 yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, nítorí náà ilé àdáni bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn agbanisíṣẹ́ nìkan ni ó kù.

N kò gbàgbé pé ọ̀pọ̀ òbí ní Alímọ̀ṣọ́ ni owó oṣù tiwọn gan-an kò tó ₦170,000. Ìdí nìyí tí ìpele mẹ́ta yẹn fi wúlò. Ìdílé méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgbà kan lè pawọ́ pọ̀ gba olùtọ́jú kan tí ó kọ́ṣẹ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ju ṣíṣọ́ lọ, kí ó sanwó ṣíṣọ́ fún àgbàlagbà, fún wákàtí tí ó níye, kí òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ pé títọ́ ṣì wà lọ́rùn òun lálẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀. Ohun tí kò tọ́ ni kí á fi owó kékeré gba ọmọ ọlọ́mọ, kí á sì wá máa bínú pé kò tọ́ ọmọ wa.

Ohun tí olùtọ́jú lè retí

(a) Kí àdéhùn wà ní àkọsílẹ̀ ní èdè tí ó yé e: wákàtí iṣẹ́, owó, ọjọ́ ìsinmi.

(b) Kí owó rẹ̀ dé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí ó mú un wá.

(d) Kí iṣẹ́ rẹ̀ má kọjá ti ọmọ. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ọmọ nìkan ni wọ́n ní kí ó wá wò, ṣùgbọ́n kí ó tó di ọjọ́ kẹta, aṣọ bàbá ọmọ ti dé inú báàfù rẹ̀. Ẹni tí ó ń fọ aṣọ kò lè máa ṣọ́ ọmọ.

(e) Kí ó rí ibi gidi sùn, kí ó sì jẹ nínú ìkòkò tí onílé ń jẹ.

(ẹ) Kí àwọn ọmọ ilé máa kí i bí a ti ń kí àgbà, kí wọ́n pè é ní Àǹtí, kí wọ́n sì máa lo "ẹ" fún un. Ọmọ tí ó ń sọ "ìwọ" sí ẹni tí ń tọ́ ọ kò lè gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Àkótán

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ṣọ́, tọ́jú àti tọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, àti pé ìmọ̀ tí à ń béèrè gbọ́dọ̀ bá owó tí à ń san dọ́gba. Ó kù sọ́wọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùkọ́ wa. Bí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa bá lè bá àwọn nọ́ọ̀sì jókòó, kí wọ́n kọ ìwé pẹlẹbẹ kan ní Yorùbá fún àwọn olùtọ́jú ọmọ, pẹ̀lú àlọ́, eré àti àlàyé ìlera nínú rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni a ó ti ṣe fún èdè yìí. A ó sì ti ṣe é fún ọmọ tí kò tí ì lè sọ̀rọ̀, àti fún obìnrin tí ó gbé e pọ̀n.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Alímọ̀ṣọ́ òde òní, àwọn àgbà ti jáde ní ìdájí. Ẹ jẹ́ kí á rí i pé ẹni tí ó kù sílé pẹ̀lú ọmọ jẹ́ àgbà ní tòótọ́, pé ó mọ iṣẹ́, àti pé a san owó rẹ̀ pé.